Ayẹyẹ Tí Adelé Olùdarí Ṣe fún Ikùn Ẹṣin

Akọ ẹṣin ní kórópọ̀n méjì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán báyìí, nítorí a óò pe ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà kí ìtàn yìí tó parí, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹṣin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, inú ikùn ni kórópọ̀n rẹ̀ máa ń wà, nítòsí kíndìnrín. Bí ọjọ́ ìbí bá ti ń sún mọ́lé, méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò tí Ọlọ́run rán dè wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á kọ̀ jálẹ̀. Á jókòó sínú ikùn lọ́hùn-ún bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù lé títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lọ́dàá, ìyẹn ni pé kó yọ nǹkan akọ rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, yóò rí ọ̀kan yọ, yóò wá èkejì tì. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, á sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, á tà á fún ìjọba.

Báyìí ni ẹṣin pupa kan ṣe dé Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin lọ́dún 1987. Ẹni tó rà á ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga Gbádégẹṣin, Adelé Olùdarí Àjọ Ẹwà àti Ayẹyẹ, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Àfẹ́níù Kẹrin nínú Festac.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ náà, adelé. Adelé ni ẹni tó jókòó sórí àga tí wọn kò tíì fi fún un. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ti jókòó sórí àga náà pẹ́ débi pé tìmùtìmù rẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀ dunjú, síbẹ̀ adelé ṣì ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí wọ́n yọ adelé kúrò. Ìyàwó rẹ̀ ń fi gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n ya pátákó tuntun tí kò sí adelé lára rẹ̀, ó sì gbé e pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ àjọ náà ni láti mú kí ìlú lẹ́wà, kó sì máa dùn. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin gbà pé kò sí ohun tó lẹ́wà, tó sì dùn, bí kí òun ṣí nǹkan. Nígbà tí wọ́n kun ilà funfun sójú títì kan fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí i: lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tó ń lọ, lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tó ń bọ̀. Láàárín ìṣísílẹ̀ méjèèjì, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọdá.

Láràárọ̀, bí Pijó rẹ̀ bá ti yà wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́bàá ọ̀nà. Ògúnjìnmí, akọ̀wé àjọ, ló máa ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

"Ẹ káàárọ̀, sà. A ti ń dúró dè yín kí ilẹ̀ lè mọ́."

"Ṣé ó ti wá mọ́ báyìí?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, sà."

Ẹ má fi Ògúnjìnmí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àjọ náà fẹ́ ṣe Ọ̀sẹ̀ Ẹwà ní pápá Trade Fair, àlejò pàtàkì wọn sì ni Ọ̀gágun Ọlábánjí, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀gágun yìí ni alága ìgbìmọ̀ tó ń sọ àwọn adelé di olùdarí. Gbogbo Èkó ló sì mọ̀ pé kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ẹṣin. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó pe ìpàdé.

"Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin," ó ní, "yóò fẹ́ràn ẹni tó wà lórí ẹṣin. Orí ẹṣin ni n ó ti kí i káàbọ̀."

"Ọgbọ́n nìyẹn!" Ògúnjìnmí ké.

"Ṣé ẹ ti gun ẹṣin rí, sà?" Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá ló béèrè, obìnrin tó ń darí ẹ̀ka ìgbàlejò. Kò ní in lọ́kàn láti ṣe àbùkù; ó kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbé àga sí ni.

"Gbádégẹṣin ni orúkọ ìdílé mi. Ẹ rò pé orí kẹ̀kẹ́ ni baba ńlá mi gba adé sí?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ra ẹṣin pupa náà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí àjọ ní Kúje nínú Àmúwo, wọ́n sì fi Àmúsà, ọmọ Ìlọrin kan tí ẹṣin kò ṣàjèjì sí, tì í láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó tà á ti búra pé ọ̀dá ni. Wọ́n gbé ojú wò ó lábẹ́, wọ́n rí i pé àpò ti ṣófo, wọ́n gbà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: Ìwàpẹ̀lẹ́.

Ìwàpẹ̀lẹ́ gbé ọ̀gá yí pápá Kúje ká láìsí wàhálà, títí di ọjọ́ tí wọ́n háyà abo ẹṣin funfun kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fọ́tò fún àwọn ọmọdé létí òkun, pé kó wá bá wọn dánrawò. Bí Ìwàpẹ̀lẹ́ ti fojú kan án, ó dún bí fèrè ọkọ̀ ojú omi. Ó já okùn. Àmúsà àti ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n fi fà á kúrò lẹ́yìn abo náà. Ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ọpẹ́ ni fún ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o," Àmúsà wí, ó ń nu òógùn. "Bí èyí bá jẹ́ ọ̀dá, a jẹ́ pé adìẹ lèmi náà."

Wọ́n wá lọ pe Dókítà Adébùnmí Owólabí. Dókítà ẹran ni obìnrin náà, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Rọ́ọ̀dù Mẹ́tàlélógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé èjìká, ó ti ọwọ́ bọ ìdí ẹṣin, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ nínú àpò ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ó fa ọwọ́ yọ.

"Ọ̀kan ṣì wà nínú ikùn, sà. Lápá òsì."

"Ta ló gbà á láyè?" ọ̀gá béèrè.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, bí mo ti ń ṣàlàyé fún yín yìí. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n kun ẹṣin lóorun, kí wọ́n dà á sílẹ̀, kí wọ́n la ikùn rẹ̀ débi tí ọwọ́ èèyàn máa fi wọlé. Àwọn ẹṣin kan kì í dìde mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tuntun tó kọ́ lókè òkun ni pé ẹṣin á wà lórí ìdúró. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kó tòògbé, wọ́n á gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní òmíràn tó ń mú ibẹ̀ kú tipiri kó má mọ ìrora. Wọ́n á wá lu ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ náà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu àti dígí nídìí á gba inú ọ̀kan wọlé, dókítà á fi ojú sí dígí, á máa wo inú ikùn. Irinṣẹ́ á gba inú ihò kejì wọlé, á di iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, á gé kórópọ̀n náà, á fà á jáde.

"Tí ewúrẹ́ bá sá wọ yàrá tó ṣókùnkùn, sà, ẹ ò ní wó ògiri kí ẹ tó rí i. Ẹ máa yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ ó tan tọ́ọ̀ṣì."

Ojú ọ̀gá le. "Dókítà, ìjọba kì í yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́."

"Ohun méjì ni mo fẹ́, sà. Àkọ́kọ́, kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Èkejì, kó má jẹun láti ọjọ́ tó ṣáájú, omi nìkan. Ìfun ẹṣin pọ̀. Bó bá kún, á wú bo gbogbo nǹkan, mi ò sì ní rí ohunkóhun àfi ìfun."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó fi gbàgbé ìwà akọ. Bí a bá ṣe é báyìí, ara rẹ̀ á ti balẹ̀ kí Ọ̀gágun tó dé."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin gbọ́ "Ọ̀gágun", ó gbọ́ "tuntun", ó gbọ́ "òkè òkun". Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè sọ ohun tó máa ṣe fún mi? Ẹni tó bá sọ pé ayẹyẹ ni, ó gbà á.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kékeré kalẹ̀ lórí ìwọ̀n ihò, Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ihò tí kò ju ojú àtàǹpàkò lọ kò bá ipò àjọ mu, àti pé àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan. Wọ́n dábàá pé kó fẹ̀ tó àwo ìjẹun.

"Ẹṣin ni, mà, kì í ṣe fèrèsé," Dókítà wí.

"A lè sọ ọ́ di ìwọ̀n ṣọ́sà."

"Rárá, mà."

Wọ́n fi ihò sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n wá mú aṣọ ìkéde tóbi sí i. Ọ̀kan tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà Kúje gùn ju ilé tó dúró sí iwájú rẹ̀ lọ, àwòrán ọ̀gá ló wà lára rẹ̀. Ẹṣin náà wà níbẹ̀ o. Etí rẹ̀ kan hàn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, Àmúsà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin bí Dókítà ti ní kó ṣe. Ògúnjìnmí dé pẹ̀lú àpò ọkà bàbà nínú bọ́ọ̀tì mọ́tò.

"Bọ̀dá Àmúsà, báwo ni ẹṣin wa?"

"Ó ń gbààwẹ̀, sà."

"Ṣé Mùsùlùmí ni?"

"Dókítà ló ní kó gbà á."

"Dókítà! Ṣé dókítà lè gbé mi ga? Ẹṣin tí ọ̀gá fẹ́ràn, kí ọ̀gá wá bá a kó ti rù? Gbé ọkà yìí síwájú rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ ẹ́, sọ fún un pé Ògúnjìnmí ló gbé e wá."

"Kí n sọ fún ẹṣin?"

"Sọ fún un. O ò mọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀."

Àmúsà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ògúnjìnmí bi í bóyá Ìlọrin ń wù ú láti padà sí. Àmúsà yà fún un. Kò pẹ́ sí i, Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá dé pẹ̀lú ẹ̀pà àti ìrèké, ó rí ọkà nílẹ̀, ó ní ta ló gbé èyí wá. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n da ẹ̀pà lé e lórí kó lè bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ẹ̀ka tó kù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù rò pé òun nìkan ló gbọ́n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé.

"Ṣé ọjọ́ ìkómọjáde ni ebi máa pa ọmọ?" ó bi Àmúsà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹṣin ní kárọ́ọ̀tì títí tí èyí tó wà nínú agbọ̀n fi tán.

Ìwàpẹ̀lẹ́ kò kọ ọ̀kankan. Nínú gbogbo àjọ náà, òun nìkan ni kò ṣojúsàájú.

Lọ́jọ́ kejì, kánópì bo pápá Kúje. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fọn fèrè idẹ. Tábìlì àwọn èèyàn ńlá ní aṣọ funfun àti òdòdó lórí, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, ní ọ̀gangan ibi tí ihò máa wà. Dókítà Owólabí dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Àmúsà lọ pàdé rẹ̀ lẹ́bàá géètì.

"Àǹtí Dókítà, wọ́n ti bọ́ ọ o."

"Ta ni?"

"Ta ni kò sí níbẹ̀?"

Dókítà lọ bá ọ̀gá lábẹ́ kánópì, ó ní iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe mọ́ lónìí, kí wọ́n sún un síwájú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀.

"Dókítà, tẹlifíṣọ̀n wà níbí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ọkùnrin kan wà ní Mazamaza tó ní ọ̀bẹ tó gùn báyìí. Ó ní òun ò nílò tọ́ọ̀ṣì."

Dókítà wo ẹṣin. Ó wo ọwọ́ tí ọ̀gá fi wọn ọ̀bẹ. Ó ní òun á wọlé wò. Bí ìfun bá dí ọ̀nà, òun á jáde, òun á rán ihò, ó parí. Ọ̀gá ní ó dára. Dókítà gún ẹṣin ní abẹ́rẹ́, orí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀gá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará mi nílé, lóko, àti lẹ́yìn odi! Látìgbà ìwáṣẹ̀, ta ló tíì rí inú ẹṣin? Àwọn baba wa rí ẹ̀yìn ẹṣin, wọ́n gùn ún. Àwọn òyìnbó rí ẹnu ẹṣin, wọ́n ka eyín rẹ̀. Èmi, Olúgbóyèga Gbádégẹṣin, ni mo kọ́kọ́ sọ pé: ẹ jẹ́ ká wọlé!"

Fèrè dún. Ó sọ̀rọ̀ nípa omi ẹ̀rọ, nípa ìmọ́tótó, nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ ìtòògbé fi tán lára ẹṣin, tó gbé orí sókè, tó wá ń wo ọ̀gá. Dókítà ní láti gún un ní òmíràn. Ní àkókò yìí, àwọn àlejò bíi mélòó kan ti ń tòògbé láìgba abẹ́rẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Dókítà lu ihò, ó ti irin oníná wọlé, ó fi ojú sí dígí. Kí ló rí? Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́, àpò gààrì kan sì dúró ti ilẹ̀kùn lójú ihò náà gan-an. Ìfun ni. Ọkà bàbà Ògúnjìnmí, ẹ̀pà Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá àti kárọ́ọ̀tì ọ̀gá ti mú un wú bí ìrọ̀rí. Ó yí irin náà sókè, ìfun. Ó yí i sísàlẹ̀, ìfun. Ó fà á jáde, ó sì rán ihò náà.

"Ṣé ó ti jáde?" ọ̀gá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá, sà. Mi ò rí i rárá."

Ọ̀gá wo Ògúnjìnmí. Ògúnjìnmí ti lọ. Mo sọ fún yín pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí orin kejì tó tán, ó ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Mazamaza pẹ̀lú àwo kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ọ̀gá ṣí aṣọ náà lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ wò ó! Ọ̀tá ìtẹ̀síwájú wa rèé!"

Àtẹ́wọ́ dún bí òjò lórí páànù. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn na ọrùn, ó wo inú àwo.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ti àgbò nìyí o. Irú ẹ̀ la sè nígbà Iléyá."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," wọ́n dá a lóhùn, fèrè sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ká kánópì, Dókítà lọ bá ọ̀gá nínú mọ́tò.

"Sà, ẹ má gùn ún jáde lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun bá dé. Ẹ jẹ́ kí egbò yìí jinná, ká tún un ṣe pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Dókítà, ìjọba ti kéde pé ó ti jáde. Kí ló tún fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

Ó yí gíláàsì mọ́tò sókè. Lálẹ́ ọjọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n fi àwo náà hàn. Dókítà ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá bi òun, òun á sọ òótọ́ fún un. Kò sí ẹni tó bi í. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ṣé ẹ̀ bá bi í? Ẹ ronú sí i, kí ẹ tó dáhùn.

Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Ẹwà pé. Èèyàn kún Trade Fair. Egbò ẹ̀gbẹ́ Ìwàpẹ̀lẹ́ ti jinná, ó ń dán bí bàtà tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin wà lórí rẹ̀ nínú agbádá funfun, Àmúsà di ìjánu mú. Dókítà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí òfin àjọ ni pé kí dókítà wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi Ọ̀gágun Ọlábánjí ni bó ṣe máa wá. Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin, báwo ló ṣe máa wá? Ó gba ẹnu géètì wọlé lórí ẹṣin tirẹ̀. Abo ni.

Àmúsà ló kọ́kọ́ mọ̀. Ìwàpẹ̀lẹ́ na ọrùn, ó ká ètè òkè sókè, ó fa afẹ́fẹ́ sínú.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

"Níwájú Ọ̀gágun? Ṣé orí ẹ pé?"

Ìjánu já mọ́ Àmúsà lọ́wọ́. Ìwàpẹ̀lẹ́ sá gba àárín àwọn afọnfèrè kọjá. Ọ̀gágun, tó ti gun ẹṣin dàgbà, rí ohun tó ń bọ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́. Ìwàpẹ̀lẹ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé abo náà lẹ́yìn, ọ̀gá sì rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, agbádá bo ojú rẹ̀, ó ń ké tantan:

"Wọ́n ti yọ ọ́! Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti yọ ọ́!"

"Kò jọ bẹ́ẹ̀, sà!" ẹnì kan dáhùn láàárín èrò.

Àwọn ìyá bo àwọn ọmọ lójú, wọ́n sì gbàgbé láti bo tiwọn. Ọ̀gá yọ̀ gba ìrù ẹṣin jábọ́. Nígbà tí wọ́n fi ya àwọn ẹṣin náà, fìlà rẹ̀ ti di ohun tí n kò lè júwe fún yín. Ọ̀gágun Ọlábánjí gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ta ló sọ fún mi pé ọ̀dá ni ẹṣin yìí?"

"Èmi ni, sà," ọ̀gá wí láti ilẹ̀.

"Ta ló yọ èyí tí mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n?"

Gbogbo ojú yí sí Dókítà. Ẹnì kan ti wá béèrè.

"Kò jáde, sà. Wọ́n ti bọ́ ẹṣin yó, ìfun bo ojú ọ̀nà. Mo sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà."

"Kí ló wá wà nínú àwo?"

Ògúnjìnmí tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ti àgbò ni, sà. Èmi ò mọ̀ sí i o. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."

Ọ̀gágun wo Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin títí. "Kí ẹṣin jẹ́ akọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ká jọ lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé nǹkan àgbò fún odindi ìlú wò, tó ní ti ẹṣin ni, kí ló máa gbé fún èmi wò?"

Ọjọ́ mìíràn ni rédíò dá sí i. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, Ògúnjìnmí àti Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n ń sọ fún un pé ẹṣin náà ló jẹ̀bi. Rédíò ka orúkọ rẹ̀. Wọ́n yọ adelé kúrò lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbàdúrà. Wọ́n kàn yọ olùdarí tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn ni. Wọ́n wá ka orúkọ adelé tuntun: Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá.

Ògúnjìnmí dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ó rìn kọjá tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú obìnrin náà.

"Ìyá wa! Ibo ni ẹ ti ń gbé látọjọ́ yìí?"

Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá ṣe lórí àga ni pé ó ránṣẹ́ sí Dókítà. "Ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn, ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín. Mi ò fẹ́ rí i, mi ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀." Nínú gbogbo àṣẹ tí àjọ náà ti pa láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, èyí ló dára jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, Ìwàpẹ̀lẹ́ kò tíì jẹun láti àná. Ògúnjìnmí ti gbé ọkà wá o, nítorí ẹṣin ti di ti ọ̀gá tuntun. Àmúsà gbé igi ìgbálẹ̀ dání lẹ́nu géètì, Ògúnjìnmí sì tún ọkà rẹ̀ gbé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan fi ẹsẹ̀ rìn dé. Búbá òwú ló wọ̀, kò dé fìlà. Àmúsà kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Mo ní kí n wá wò ó."

Dókítà wo Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ó wo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó bá a di ẹṣin mú kò wá. Àmúsà kò lè kúrò lẹ́nu géètì.

"Ẹ bá mi gbé orí ẹ̀ dúró, sà. Orí ẹṣin tó ń tòògbé wúwo o."

Dókítà gún ẹṣin ní abẹ́rẹ́. Orí ẹṣin ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bọ́ lé èjìká ọkùnrin náà. Dókítà lu ihò, ó ti iná wọlé, ó fi ojú sí dígí. Lọ́tẹ̀ yìí ìfun ti fà sẹ́yìn, ọ̀nà là. Ó rí i lókè lọ́hùn-ún lápá òsì, ó kéré, ó rọ̀, ó fara pamọ́ bí ẹni tí kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ó di iṣan rẹ̀ pa. Ó gé e. Ó fà á jáde sínú àwo, láìsí aṣọ lórí rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin la ẹnu. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ìbá mọ̀ pé "Ẹ̀yin ará mi" ló fẹ́ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má sọ̀rọ̀," Dókítà wí, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó máa fi rán ihò. "Ẹ má jẹ́ kó jí."

Ó pa ẹnu dé. Itọ́ ẹṣin ń ṣàn gba àyà búbá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Àmúsà ti ẹnu géètì bi í bóyá kí òun wá gba orí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí pé rárá, ó tún ẹsẹ̀ gbé sílẹ̀ dáadáa, ó sì dúró.